Àwọn aráàdúgbò ò dáwó omi mọ́

Ìbéèrè: Kànga ẹlẹ́rọ kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò wa ń lò. Látìgbà tí pọ́ǹpù ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, àwọn èèyàn ò dáwó mọ́, wọ́n ní ìgbìmọ̀ ń kó o jẹ. Èmi ni akápò, mi ò sì mú nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ibo ni aráàdúgbò ti fẹ́ mọ̀? Ìwé owó yín lè pé pérépéré. Ẹni tó gbé korobá dúró nídìí ẹ̀rọ ò rí i.

Ẹ gbé pátákó síbẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye tó wọlé lọ́sẹ̀, iye tó jáde, ohun tẹ́ ẹ fi rà àti iye tó kù. Kí ẹnì kan tí kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀ máa ka mítà, kó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó. Bí omi tó jáde bá pọ̀, tí owó kéré, kò ní í fara sin. Mo ti rí ibi tí wọ́n so wọ́ṣà pọ́ǹpù tó ti jẹ mọ́ pátákó, pé èyí la pààrọ̀ rèé. Kò dùn-ún wò rárá, àmọ́ ariwo rọlẹ̀.

Ní ti òfin, Elinor Ostrom tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ọrọ̀ ajé ní 2009 ṣèwádìí àwọn tó jọ ń lo omi, igbó àti ibi ìpẹja. Èyí tó máa ń tọ́jọ́ ni ibi tí àwọn tó ń lò ó ti ń ṣòfin fúnra wọn, tí ìyà ẹni tó rú òfin sì ń bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó fúyẹ́. Ẹ má ti omi mọ́ ẹni tó kọ́kọ́ pẹ́ dáwó. Ẹ kìlọ̀ fún un ná.

Bí ìjà bá dé, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti parí rẹ̀. Ní Valencia, ní Sípéènì, àwọn àgbẹ̀ tó ń pín omi odò Turia ń yan adájọ́ láàárín ara wọn. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń jókòó, lẹ́nu ilẹ̀kùn kàtídírà, láìsí lọ́yà.

Ta ló tiẹ̀ ń pọnmi jù ládùúgbò yín? Bó bá jẹ́ obìnrin ni, mélòó nínú wọn ló wà nínú ìgbìmọ̀? Àwọn ló mọ wákàtí tó yẹ kẹ́ ẹ ṣí ẹ̀rọ.

Kẹ́ ẹ tó béèrè owó tuntun, ẹ kọ iye tó wà lọ́wọ́ yín lónìí sórí pátákó, bó tilẹ̀ jẹ́ òfo.