Ẹ Bi Wá Ká Dáhùn: Bándì Tí Ò Pé Ọdún Méjì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ máa ń dárúkọ bándì kan tẹ́ ẹ wà nígbà èwe yín, ẹ ní orin àdánwò, èyí tí wọ́n fi ń dán ohùn tuntun wò, lẹ ń ṣe, àmọ́ ẹ ò tíì sọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe gan-an àti ohun tó tú yín ká. Ṣé kì í ṣe pé ẹ kàn ń fàkókò ṣòfò?

Ìdáhùn: Màmá mi náà bi mí bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Wọ́n ní àdánwò ni lóòótọ́, àdánwò fún etí gbogbo ará ilé.

Àwa mẹ́rin ni, oṣù 14 péré la lò. Ọ̀kan ń ta gìtá, ọ̀kan ń lu ìlù, ọ̀kan ní kíbọ́ọ̀dù tí ìdajì ẹ̀ ò dún mọ́, èmi wà nídìí rẹ́díò àti ẹ̀rọ téèpù. Bẹ́ẹ̀ ni, rẹ́díò, ẹ má rẹ́rìn-ín. Màá yí i síbi tí kò ti sí ilé iṣẹ́ kankan, níbi tó ti ń hó ṣàà, màá wá gbé máíkì tì í. Téèpù ńkọ́? A máa gé e, a lẹ orí ẹ̀ mọ́ ìdí kó di òrùka, ẹ̀rọ wa ń fa sẹ̀ǹtímítà 19 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà téèpù tó gùn ní mítà 2 máa lo bíi ìṣẹ́jú àáyá 10 àbọ̀ kó tó yí padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ gígùn yẹn ò lè jókòó sórí ẹ̀rọ, la bá fi ẹ̀yìn àga ṣe òpó tó ń gbà kọjá, ẹni bá ti fara kan àga ti ba orin jẹ́ nìyẹn. Àbí ó tún un ṣe, nígbà míì a ò mọ̀yàtọ̀.

A sì rò pé àwa la dá a sílẹ̀ o! Ẹ̀yìn tá a tú ká ni mo wá gbọ́ pé Pierre Schaeffer, ará Faransé kan tó ń ṣiṣẹ́ rẹ́díò, ti gba ohùn rélùwéè sílẹ̀ ní 1948, ní Paris, ó sì ti tò ó bí orin. Ojú tì mí díẹ̀.

Ohun tó tú wa ká kì í ṣe owó. Àtẹ́wọ́ ni. Ṣóò mẹ́ta àkọ́kọ́, ńṣe làwọn èèyàn ń dìde lọ, inú wa sì dùn, torí kò sẹ́ni tá a fẹ́ tẹ́ lọ́rùn, ara wa là ń tẹ́tí sí. Ní ṣóò kẹrin, máíkì mi sún mọ́ sípíkà jù, ohùn tó jáde ní sípíkà tún wọ máíkì padà, ó tún jáde, ó tún wọlé, ló bá figbe ta. Dípò kí n pa á, mo ń rọra sún máíkì síwá sẹ́yìn, igbe yẹn ń ròkè ó ń sọ̀ kalẹ̀, onílù wá bẹ̀rẹ̀ sí í lù tẹ̀ lé e. Nígbà tá a ṣe tán wọ́n pàtẹ́wọ́ títí.

Àtọjọ́ náà la ò ti gbádùn mọ́. Gbogbo rìhásà di "ẹ jẹ́ ká ṣe tọjọ́sí." A fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ pé ibí ni máíkì wà, ibí ni sípíkà wà. Ẹ gbà mí, orin àdánwò tó ní àmì ṣọ́ọ̀kì! Bẹ́ẹ̀ yàrá yàtọ̀, ògiri yàtọ̀, igbe yẹn ò lè jọra láé. Onígìtá ní ẹ̀bi mi ni, mo ní ẹ̀bi ẹ̀ ni, onílù ò wá mọ́.

Kí ẹ má rò pé tiwa nìkan ni, Scratch Orchestra tí Cornelius Cardew, olórin ará Gẹ̀ẹ́sì, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dá sílẹ̀ ní London ní 1969, tí wọ́n ń gba ẹni tó mọ orin àtẹni tí ò mọ̀ ọ́n, àwọn náà ò lo ju ọdún mélòó kan lọ, ọ̀rọ̀ òṣèlú sì wà lára ohun tó dà wọ́n rú. Ní ti àkókò tó ṣòfò, kò ṣòfò o. Títí dòní, tí fáànù bá fẹ́ bàjẹ́, mo máa ń gbọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

Ìbéèrè: Mo ní kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí bándì tèmi gbà sílẹ̀, ó ti lé lógún ọdún. Ẹ̀rù ń bà mí láti fi sẹ́rọ.

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ máa rí eyín kékeré méjì, ẹ ṣẹ́ wọn dànù, ẹ̀rọ ò ní gbà kẹ́nì kan gba nǹkan míì lé e mọ́. Ẹ yẹ tìmùtìmù kékeré tó ń ti téèpù mọ́ orí ẹ̀rọ wò bóyá kò tíì jábọ́. Ẹ fi òwú àti sípíríìtì nu orí ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ìgbà àkọ́kọ́ tó máa kọrin ti di gbígbà sílẹ̀, ẹ fi pamọ́ bíi WAV, fáìlì tó ń tọ́jú ohùn lódindi, kì í ṣe MP3 tó ń gé lára ohùn kó lè kéré.

Èmi ò ṣẹ́ eyín tèmi. Kásẹ́ẹ̀tì ṣóò kẹrin ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹ mọ ohun tá a gbà lé e? Rìhásà tá a ti ń wá bá a ṣe máa tún ṣóò kẹrin ṣe. Ìṣẹ́jú 30 lójú kan, ìjà ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọn tá a jọ ṣe bándì ní ká tún pàdé. Kí n lọ?

Ìdáhùn: Ẹ lọ jàre. Àwa náà pàdé lẹ́ẹ̀kan, láìsí ṣọ́ọ̀kì. A ti ṣe é fún bíi ogún ìṣẹ́jú, ara ti ń yá wa gan-an, lọmọ onílù bá yọjú, ó ní "Dádì, ìgbà wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀?"