Àbádòfin wa ti sùn l'Ábùjá: kí la lè ṣe kí sáà tó tán?

Ìbéèrè: Aṣojú-ṣòfin kan bá ẹgbẹ́ wa gbé àbádòfin wọlé l'Ábùjá. Ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti kà á lẹ́ẹ̀kíní, a ò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Kíkà àkọ́kọ́ kò tíì tó ohun à ń yọ̀ sí. Orúkọ àbádòfin lásán ni akọ̀wé ilé ń pè lọ́jọ́ náà, kò sí ìjíròrò, kò sí ìdìbò. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ń sùn sí.

Ìparí sáà ni kí ẹ ti máa ka ọjọ́ bọ̀. Oṣù kẹfà 2023 ni ilé aṣojú-ṣòfin kẹwàá bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹfà 2027 ló máa tú ká. Ẹ yọ ìsinmi oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án kúrò, ẹ yọ ti Kérésìmesì, ẹ rántí pé ìsúná owó ló ń gba ìparí ọdún. Lásìkò ìbò ńkọ́? Ẹkùn ìdìbò ni gbogbo wọn ń wà, bẹ́ẹ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ ilé, ìyẹn 120 nínú 360, ló gbọ́dọ̀ pé kí iṣẹ́ tó lè lọ.

Ẹ lọ bá olùrànlọ́wọ́ aṣòfin yín (aṣòfin fúnra rẹ̀ lè ti gbàgbé). Ẹ bi í: ṣé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sínú gásẹ́ẹ̀tì (ìwé ìkéde ìjọba)? Ṣé ìgbìmọ̀ tó ń to iṣẹ́ ilé ti dá ọjọ́ fún kíkà kejì? Lọ́jọ́ yẹn, aṣòfin yín kò gbọdọ̀ rìnrìn-àjò. Òun ló máa dìde ṣàlàyé. Bí kò bá sí ńlé, wọ́n á sún un síwájú, ó sì lè pẹ́ kí ààyè tún tó yọ.

Lẹ́yìn kíkà kejì, ó di ọwọ́ ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó; ibẹ̀ ló ń jẹ àkókò jù. Àpérò ìta gbangba ń fẹ́ ìkéde, gbọ̀ngàn àti owó. Alága tí ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ nínú á kàn gbé e tì. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí wọ́n tó pè yín. Ẹ má kọ ọ́ pé "a ò fara mọ́ abala keje". Ẹ kọ abala keje náà bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí, gbólóhùn sí gbólóhùn, kí akọ̀wé ìgbìmọ̀ lè gbé e sínú àbọ̀ wọn tààrà. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ dá àjọ tuntun sílẹ̀, ẹ ti bá iléeṣẹ́ ìjọba tọ́rọ̀ kàn sọ ọ́ ṣáájú, torí "ta ló máa san owó oṣù wọn?" ló ń pa irú rẹ̀.

Ẹ má dúró kí ilé kan ṣe tán kí ẹ tó lọ sí èkejì. Ẹ wá sẹ́nétọ̀ tó máa gbé irú rẹ̀ gan-an kalẹ̀ nísinsìnyí. Bí ọ̀rọ̀ inú méjèèjì bá yàtọ̀, ilé méjèèjì á tún ní láti yan ìgbìmọ̀ tó máa so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan.

Ọjọ́ 30 tí òfin fún ààrẹ ńkọ́? Ọjọ́ tó dé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ilé parí iṣẹ́. Bó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò nílé méjèèjì lè borí rẹ̀, bí wọ́n ti ṣe lórí òfin NDDC (àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè Niger Delta) ní 2000. Ẹ má gbójú lé e.

Òfin òmìnira ìròyìn, 1999 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e wọlé. Ilé méjèèjì fọwọ́ sí i ní 2007, ààrẹ kò buwọ́ lù ú, sáà tán, ó di 2011 kó tó di òfin. Ti owó oṣù tó kéré jù ní 2024, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ilé méjèèjì fi parí rẹ̀, torí ààrẹ ló fi ránṣẹ́. Bí mínísítà kan bá lè fẹ́ràn ti yín, ọ̀nà á kúrú.

Bó bá hàn pé kò ní í parí, ẹ sáré kí ilé aṣojú-ṣòfin kà á nígbà kẹta, ìyẹn kíkà ìkẹyìn, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sílé àwọn sẹ́nétọ̀ kí wọ́n tó tú ká. Ìlànà ilé náà gbà kí ilé tuntun mú irú èyí tó ti lọ sílé kejì láìrí èsì, kí gbogbo ilé jókòó yẹ̀ ẹ́ wò láìpadà sí kíkà àkọ́kọ́. Èyí tó kú sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó kò ní àǹfààní yẹn. Ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ dìde dá a lábàá nílé tuntun, aṣòfin yín sì lè ti fìdí rẹmi nínú ìbò. Ẹ tètè gba àbọ̀ ìgbìmọ̀ àti ẹ̀dà tí ilé fọwọ́ sí sọ́wọ́ kó tó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ọ́fíìsì.