Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Àwọn Ẹ̀bùn Ìwé Èdè Dutch

Púpọ̀ nínú lẹ́tà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ lóṣù yìí ló dá lórí ohun kan tí a kò retí rárá, ìyẹn ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún àwọn ìwé tí a kọ ní èdè Dutch. Olùkọ́ kan ní Ìbarà ló kọ́kọ́ kọ̀wé, ó sì jọ pé ó ti ka lẹ́tà rẹ̀ sétí àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́, nítorí pé àwọn kan nínú àwọn tó tún kọ̀wé tọ́ka sí i. A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ àbúrò mi tó ń gbé ní Rotterdam fi ìwé ìtàn kan ránṣẹ́ sí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò gbọ́ èdè Dutch. Wọ́n lẹ ohun róbótó kan mọ́ iwájú rẹ̀, wọ́n sì kọ “Libris” sí i. Ọmọ náà ní ìwé tó gba ẹ̀bùn ni. Irú ẹ̀bùn wo nìyẹn? Ṣé ìjọba wọn ló ń fún wọn? — Olùkọ́, Ìbarà, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin olùkọ́ wa, a kí yín púpọ̀. Kì í ṣe ìjọba ló ń fún wọn ní èyí. Libris ni orúkọ tí ẹgbẹ́ àwọn ilé-ìtàwé aládàáni kan ń jẹ́ ní Nẹ́dálándì, àwọn ló sì wà nídìí Libris Literatuur Prijs, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fún Frida Vogels ní ọdún 1994. Ara ẹ̀bùn Booker ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti wo àwòkọ́ṣe. Àwọn ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ló ń fi ìwé ìtàn àròsọ tí wọ́n tẹ̀ jáde láàárín ọdún ránṣẹ́. Àwọn adájọ́ á kà wọ́n, wọ́n á ṣa 18 sọ́tọ̀, wọ́n á tún yọ 6 nínú rẹ̀, nígbà tó bá sì di oṣù Karùn-ún, wọ́n á dárúkọ ẹyọ kan péré. Ẹni tó kọ ọ́ á gba 50,000 yúrò. Àwọn tó kù nínú mẹ́fà náà kì í lọ lọ́wọ́ òfo, nítorí pé 2,500 yúrò wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ìwé rẹ̀ bá dé ibẹ̀.

Ká má fi igbá kan bọ̀kan nínú, ọ̀tàwé tó gbé owó ẹ̀bùn kalẹ̀ fẹ́ tàwé ni. Ohun róbótó tí ẹ rí lára ìwé yín, ọjà ló ń polówó. A kò rí àléébù nínú ìyẹn, níwọ̀n ìgbà tí kì í bá ti í ṣe ọ̀tàwé fúnra rẹ̀ ló ń dá ẹjọ́ ìwé. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni bí orúkọ irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń yí padà bí olówó rẹ̀ bá ti yí padà. Èkejì Libris ní Nẹ́dálándì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1987, AKO ló kọ́kọ́ ń jẹ́, ìyẹn orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀bù ìwé tó wà ní àwọn ibùdókọ̀ ojú irin. Lẹ́yìn náà ó di ECI, ó di BookSpot, ó sì ti di Boekenbon báyìí. Ní Flanders, apá ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè Dutch ní Bẹ́ljíọ̀mù, ẹ̀bùn tí wọ́n ń pè ní Gouden Uil bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1995, ó padà gba orúkọ báńkì kan tó ń jẹ́ Fintro, nígbà tó sì yá ó parẹ́ pátápátá. Ìjọba Flanders ló wá dá òmíràn sílẹ̀ tó ń jẹ́ De Boon, wọ́n sì kọ́kọ́ fún àwọn òǹkọ̀wé ní ọdún 2022: 50,000 yúrò fún ìwé àgbà, 50,000 yúrò fún ìwé ọmọdé. Kí iye méjèèjì dọ́gba bẹ́ẹ̀ wù wá gidigidi, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ibi, ìwé ọmọdé ni wọ́n máa ń fún ní èérún.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá wa olùkọ́ ka lẹ́tà tó kọ sí yín fún mi. Ìbéèrè tèmi ni pé bí ìjọba bá wà nídìí irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, ṣé kì í ṣe àwọn tó ń kì wọ́n ni wọn yóò máa kó o fún? — Ọ̀tàwé, Kútọ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rù yín kò ṣàìnídìí, ọ̀gá wa. Ó ṣẹlẹ̀ rí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ẹ̀bùn tó lókìkí jù ní Nẹ́dálándì jẹ́. P.C. Hooft-prijs ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1947 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tó pé ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí akéwì àti òpìtàn Pieter Corneliszoon Hooft ti kú. Gbogbo iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé ti ṣe láyé rẹ̀ ni wọ́n ń wò níbí, kì í ṣe ìwé kan ṣoṣo, wọ́n sì ń yí i ká: bí ó bá kan àwọn onítàn lọ́dún yìí, á kan àwọn aláròkọ lọ́dún mìíràn, á sì tún kan àwọn akéwì. 60,000 yúrò ni owó rẹ̀ lónìí.

Nígbà náà lọ́hùn-ún, àwọn adájọ́ á yan ẹni tí wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n mínísítà ló ní àṣẹ àtifún un. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mínísítà kàn ń buwọ́ lùwé ni. Nígbà tó di ọdún 1984, àwọn adájọ́ mú Hugo Brandt Corstius, ọkùnrin tó gbọ́ ìmọ̀ ìṣirò àti ìmọ̀ èdè, tó sì ń kọ àròkọ sínú ìwé ìròyìn lábẹ́ orúkọ oríṣiríṣi. Piet Grijs ló ń pe ara rẹ̀ níhìn-ín, Battus ló ń pe ara rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹnu ọkùnrin yìí mú bí abẹ. Ó ti fi mínísítà ètò ìnáwó ìgbà náà wé ọ̀kan nínú àwọn apànìyàn ìjọba Hitler, èyí tí ó burú lójú ẹnikẹ́ni. Mínísítà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn wà lábẹ́ rẹ̀, Elco Brinkman, fárígá: ó ní ìjọba kò lè fi ẹ̀bùn dá ẹni tó sọ èébú di irinṣẹ́ lọ́lá. Ni gbogbo ìlú bá gbiná. Àwọn òǹkọ̀wé tí kò fẹ́ràn Brandt Corstius rárá pàápàá sọ pé bí mínísítà bá lè yọ orúkọ ẹni tó bú u, a jẹ́ pé adájọ́ kò wúlò mọ́. Ẹnikẹ́ni kò gba ẹ̀bùn náà ní 1985, bẹ́ẹ̀ ni ní 1986. Ìgbà tí wọ́n gbé e kúrò lábẹ́ mínísítà, tí wọ́n fi sábẹ́ àjọ tó dá dúró, ni ó tó padà, ẹni àkọ́kọ́ tó sì gbà á ní 1987 ni Brandt Corstius fúnra rẹ̀.

Lójú tiwa, ìjà yẹn ló sọ P.C. Hooft-prijs di ohun tí ènìyàn lè fọkàn tán. Ẹni tó bá ń gbèrò láti dá ẹ̀bùn sílẹ̀ fún ìwé Yorùbá ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, kí ó kọ́kọ́ kọ ẹni tí yóò ní àṣẹ ìkẹyìn sínú òfin rẹ̀, kí ó tó lọ tẹ aṣọ àǹkóò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òótọ́ ni pé ẹnìkan wà tí ọba fẹ́ fún lẹ́bùn tó ní òun kò gbà? Kí ló dé? — Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, Òkè-Ìléwó.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, bàbá wa. Prijs der Nederlandse Letteren ni ẹ̀bùn náà. Nẹ́dálándì àti Bẹ́ljíọ̀mù ló jọ ni ín láti ọdún 1956, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sì ń fún ènìyàn. Bí ọba Nẹ́dálándì bá gbé e fún ẹnìkan, ọba Bẹ́ljíọ̀mù ni yóò gbé e fún ẹni tó bá tẹ̀ lé e. Ní ọdún 2007, Jeroen Brouwers ni wọ́n mú. Nígbà tó gbọ́ pé 16,000 yúrò ni owó tó wà nídìí ẹ̀bùn tí wọ́n ń pè ní èyí tó ga jù ní gbogbo èdè Dutch, ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Àwọn kan pè é ní olójúkòkòrò. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀, torí pé lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé owó náà dé 40,000 yúrò, àwọn mìíràn ló sì jẹ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ gba Libris ní ọdún 2021, nígbà tó ti di ẹni ọdún 81. Kì í kúkú ṣe òun ló kọ́kọ́ kọ ẹ̀bùn ní ilẹ̀ wọn: W.F. Hermans ti kọ P.C. Hooft-prijs ní 1971.

Ọba náà sì lè kọ̀. Ní ọdún 2001, Ọba Albert Kejì ti Bẹ́ljíọ̀mù kò fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀bùn yìí fún Gerard Reve, nítorí ẹ̀sùn tí wọ́n ń wádìí lọ́wọ́ lórí ẹni tí òǹkọ̀wé náà ń bá gbé. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2021 sí Astrid Roemer, ẹni àkọ́kọ́ tó gbà á láti Sùrìnámù, ilẹ̀ kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń sọ èdè Dutch: ó sọ ọ̀rọ̀ ìyìn nípa Desi Bouterse, ààrẹ àná tí ilé-ẹjọ́ Sùrìnámù ti dá lẹ́bi ìpànìyàn, ni wọ́n bá fagi lé ayẹyẹ ní ààfin. Wọn kò gba ẹ̀bùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ni a rò pé ó bójú mu: ìwé ni wọ́n dá lẹ́jọ́, ìwé náà kò sì yí padà ní òru ọjọ́ kan.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo sì ń kọ ìtàn. Ṣé adúláwọ̀ lè gba irú ẹ̀bùn báyìí, àbí tiwọn-n-tiwọn ni? — Ọbáńtokò.

ÌDÁHÙN: Èdè ni wọ́n ń wò, ọ̀dọ́ wa, wọn kì í wo àwọ̀. Paramaribo, olú-ìlú Sùrìnámù, ni wọ́n ti bí Roemer tí a dárúkọ lókè yìí, ó sì ti gba P.C. Hooft-prijs ṣáájú, ní 2016. Mòrókò ni wọ́n ti bí Abdelkader Benali, tó gba Libris ní 2003. Èyí tí yóò dùn mọ́ yín jù ni ti Chika Unigwe, ọmọ Enugu, tó gbé ní ìlú Turnhout ní Bẹ́ljíọ̀mù. Èdè Dutch ni ìwé ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ fi jáde ní 2005. Èkejì, tó sọ nípa àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ wa tó ń ṣe iṣẹ́ aṣẹ́wó ní Antwerp, jáde ní èdè Dutch ní 2007 kí ó tó jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní 2009 gẹ́gẹ́ bí On Black Sisters' Street. Ìwé yìí kan náà ló gba ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ní 2012, 100,000 dọ́là. Àwọn Bẹ́ljíọ̀mù ti kà á tán kí àwa tó fún un lẹ́bùn.

Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí i pé ìwé tí a bá kọ ní Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀bùn ti Nàìjíríà yẹn ń gbà wọlé. Àwọn tó ń sọ èdè Dutch láti kékeré kò ju bíi mílíọ̀nù 25 lọ, àwa tí à ń sọ Yorùbá sì lé ní mílíọ̀nù 40. Síbẹ̀ wọ́n ní ẹ̀bùn fún ìtàn, fún ewì, fún àròkọ, wọ́n sì ní Gouden Strop, èyí tó wà fún ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nìkan láti 1986. Àwọn ọmọ kéékèèké wọn pàápàá ní ìgbìmọ̀ tiwọn, níbi tí àwọn ọmọ ọdún 6 sí 12 ti ń dìbò fún ìwé tó wù wọ́n. Ní ìlú tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní èdè Yorùbá láti 1859, a kò rò pé ènìyàn tó lè kọ̀wé ló wọ́n wa.

ÌBÉÈRÈ: Nobel ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbà á tó tiwa? — Ìtọ́kú.

ÌDÁHÙN: Ẹni tó ń fi èdè Dutch kọ̀wé kò tíì gba Nobel lítíréṣọ̀ rí. Maurice Maeterlinck, ọmọ Ghent ní Flanders, gbà á ní 1911, ṣùgbọ́n èdè Faransé ló fi ń kọ̀wé. Ẹ lè fi ìyẹn yangàn díẹ̀, nítorí ọmọ Abẹ́òkúta gbà á ní 1986. Ẹ má yangàn jù, torí pé Gẹ̀ẹ́sì ni Wọlé Ṣóyínká náà fi kọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Èwo nínú àwọn ìwé wọ̀nyí ni ẹni tí kò gbọ́ èdè Dutch lè rí kà? — Ìyá ọlọ́mọ méjì, Lafẹ́ńwá.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, àwọn tó ti gba ẹ̀bùn lókè òkun ló rọrùn jù láti rí. The Twin, ìwé Gerbrand Bakker tí David Colmer túmọ̀, gba ẹ̀bùn Dublin ní 2010: nínú 100,000 yúrò, 25,000 jẹ́ ti atúmọ̀. The Discomfort of Evening, ìwé Marieke Lucas Rijneveld, gba International Booker ní 2020, nígbà tí òǹkọ̀wé náà jẹ́ ẹni ọdún 29. Òun àti Michele Hutchison tó túmọ̀ rẹ̀ ló pín 50,000 pọ́n-ùn ní dọ́gba-dọ́gba. Oko màlúù ni ìtàn méjèèjì ti ṣẹlẹ̀. Ti Rijneveld le gan-an, ikú ọmọ wà nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí àwọn ọmọ yín kà á. Ti Bakker rọlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ti Unigwe lẹ fẹ́, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tàwé Kútọ̀ tó kọ̀wé sí wa lókè yìí. Bí kò bá ní in, ó dájú pé yóò mọ ẹni tó ní in.