Amarone àbí Ripasso: èwo ni ká gbé fún bàbá ìyàwó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá ìyàwó mi fẹ́ pé 70, wọ́n sì fẹ́ràn wáìnì pupa gan-an, mo wá wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Bódìjà, mo rí ìgò méjì, wọ́n kọ Valpolicella sára méjèèjì, ìkan Amarone, ìkan Ripasso, àmọ́ owó Amarone yẹn ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹni tó ń tà á ní ọ̀kan náà ni wọ́n, pé orúkọ lèèyàn ń sanwó fún. Ṣé òótọ́ ni?
Àna Rere, Bódìjà

ÌDÁHÙN: Irọ́ ni jàre. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n o, wọn kì í ṣe ìbejì. Valpolicella, agbègbè kan lẹ́bàá ìlú Verona ní Ítálì, ni méjèèjì ti ń wá, irú àjàrà kan náà ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n, èyí tí wọ́n ń pè ní Corvina ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Ti Amarone ni pé tí wọ́n bá ká àjàrà tán wọn ò ní fún omi ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú yàrá tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí dáadáa, kì í ṣe oòrùn o, á wà níbẹ̀ bí oṣù 3 sí 4 títí á fi hunjọ, kílò 100 á wá di nǹkan bíi 60 sí 70. Omi tó lọ yẹn, owó ni! Ṣúgà á kórajọ sínú ìwọ̀nba tó kù, òun ló ń di ọtí, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí 15 tàbí 16 pẹ́sẹ́ǹtì lára ìgò. Wọ́n á tún tọ́jú ẹ̀ fún ọdún 2 ó kéré tán kí wọ́n tó tà á.

Ripasso ńkọ́? Wáìnì Valpolicella lásán ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, wọ́n á wá dà á sórí èèpo Amarone tí wọ́n ti fún tán, á tún hó lẹ́ẹ̀kejì, bí ìgbà téèyàn tún omi dà sí ìkòkò àgbo, àmọ́ wáìnì ni tiwọn. Á mú àwọ̀, á mú agbára díẹ̀, ọdún 1 péré ló pọn dandan kí wọ́n tọ́jú ẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọjọ́ ìnáwó lẹ máa ṣí i, tí àsun wà nílẹ̀, Ripasso ni kẹ́ ẹ gbé, torí ọtí tó bá le ń jẹ́ kí ata ta èèyàn lẹ́nu sí i, Amarone pẹ̀lú àsun Ìbàdàn, háà, ẹ ṣàánú Bàbá. Tí wọ́n bá fẹ́ máa rọra mu ún fúnra wọn lálẹ́, ẹ gbé Amarone. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún bí ìṣẹ́jú 20 kẹ́ ẹ tó ṣí i, ooru tiwa ti pọ̀ jù fún un. Tí ìgò yẹn bá sì wà lójú fèrèsé tí oòrùn ń pa á ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.