Owìwí Príncipe: Kí ló dé tí ẹgbẹ̀rún ẹyẹ kò fi tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo kà á pé owìwí kan ní erékùṣù Príncipe, ní orílẹ̀-èdè São Tomé àti Príncipe, wà létí ìparun. Nínú ìròyìn kan náà ni wọ́n ti ní ó tó 1,000 sí 1,500. Báwo ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe bára mu? — Òǹkàwé, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ó bára mu, torí pé iye ẹyẹ nìkan kọ́ ni IUCN, àjọ tó ń to ẹ̀dá sí ìpele ewu ìparun, ń wò. Tó bá jẹ́ iye nìkan ni, àwọn tó ti dàgbà tó láti pa ọmọ gbọ́dọ̀ dín ní 50 kí wọ́n tó kà á mọ́ àwọn tó wà nínú ewu tó ga jù lọ. Ibùgbé ẹyẹ yìí ló kó o sínú ewu. Gúúsù Príncipe nìkan ló wà ní gbogbo ayé, nínú igbó àtayébáyé tí èèyàn kò gbé, ilẹ̀ náà kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà 15 níbùú lóròó. Òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé nìyí: bí ilẹ̀ tí ẹ̀dá kan tàn dé bá dín ní kìlómítà 100 níbùú lóròó, tó jẹ́ ojú kan ṣoṣo, tí nǹkan sì ń bà á jẹ́ lọ, ó ti bọ́ sí ìpele yẹn, ì báà pọ̀ níye. Ojú kan ṣoṣo túmọ̀ sí pé ohun kan ṣoṣo tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè kan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ ni pé igbó náà wà nínú ọgbà ìjọba tó ń jẹ́ Obô, ṣùgbọ́n ní 2022, wọ́n ti ní ètò láti kọ́ ìsédò kékeré fún iná mànàmáná tí yóò kan apá kan rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ẹyẹ náà ní 2022 fi dábàá ìpele tó le jù. Àbá wọn tọ̀nà.

Ìbéèrè: Kí ni ìtumọ̀ *Otus bikegila*, orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún owìwí yìí? — Òǹkàwé, Àkúrẹ́

Ìdáhùn: Bikegila ni ìnagijẹ ọmọ Príncipe kan tó máa ń kó odídẹrẹ́ nínú ìtẹ́ tẹ́lẹ̀, tó ti wá di ẹ̀ṣọ́ ọgbà náà. Ohun tó sọ pé òun rí nínú igbó wà lára ohun tó mú kí wọ́n wá ẹyẹ yìí kàn. Ọlá náà yẹ ẹ́.

Ìbéèrè: Báwo ni wọ́n ṣe ń ka ẹyẹ òru? — Òǹkàwé, Ìlọrin

Ìdáhùn: Etí ni wọ́n fi ń kà á. "Tuu" kúkúrú ni igbe owìwí Príncipe yìí, bí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, pàápàá bí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú. Èèyàn á dúró lójú kan, á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú tí wọ́n ti là kalẹ̀, á kọ iye ohùn tó gbọ́ àti ìhà tí wọ́n ti wá, kó tó lọ sí ibòmíràn. Ibi tí ẹsẹ̀ kò dé, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ni wọ́n ń so mọ́ igi. Àṣìṣe pọ̀ níbẹ̀: igbe náà jọ ti kòkòrò, takọtabo a máa ké pọ̀, wọ́n sì lè kà wọ́n sí ọ̀kan, bí wọ́n bá sì fi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ pè é, àwọn ti ọ̀nà jíjìn á fò wá, iye á lé sí i. Ẹyẹ náà tún pọ̀ ní ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ju orí òkè lọ, nítorí náà wọn kò gbọdọ̀ fi iye àfonífojì kan ṣírò gbogbo igbó. Bí wọ́n bá padà lọ kà á, ojú ibi kan náà, oṣù kan náà àti iye ìṣẹ́jú kan náà ni kí wọ́n lò, kí ìdínkù má baà fara pamọ́.