Níbo ni àlejò ti ń jẹ àmàlà gidi n'Ìbàdàn, báwo ló sì ṣe lè ra ẹ̀lùbọ́ tó dáa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó gbé mi wá sí Ìbàdàn lóṣù tó kọjá. Àmàlà tí mò ń rà ládùúgbò kò dùn lẹ́nu mi. Ẹ̀lùbọ́ tí mo sì rà lọ́jà, bí mo bá ro ó, ńṣe ló ń fà bíi gọ́ọ̀mù. Níbo ni kí n ti máa jẹun, níbo ni kí n sì ti máa rajà?

Ìdáhùn: Ẹ káàbọ̀ sí ìlú wa. Iṣẹ́ àsè ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, inú mi kì í sì í dùn kí àlejò wá síbí kó má rí àmàlà gidi jẹ.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Àmàlà Skye ní Bódìjà. Báńkì Skye tó wà nítòsí ló sọ ọ́ lórúkọ. Báńkì náà ti di Polaris láti 2018, àmọ́ kò sẹ́ni tó pa orúkọ àmàlà yẹn dà. Ọ̀sán ni kí ẹ lọ o, kì í ṣe alẹ́. Láàárín aago méjìlá sí méjì, èrò pọ̀, èyí tí wọ́n ro kì í dúró kó tutù, gbẹ̀gìrì kò sì tíì kan. Ẹ̀wà tí a bó, tí a sè títí ó fi yọ́, ni gbẹ̀gìrì. Ó máa ń tètè kan nínú ooru.

Níbikíbi tí mo bá wọ̀, ìkòkò ni mo máa ń wò kí n tó jókòó. Gbẹ̀gìrì tó dáa máa ń ki, kì í ya sí omi lókè, ẹ̀wà nísàlẹ̀. Ewédú tó ti ṣú ti pẹ́ lórí iná. Ẹ fi ìka tẹ àmàlà náà: kó rọ̀, kó má lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, kó má ní kókó. Búkà tó bá yege báyìí, bí kò tilẹ̀ ní pátákó orúkọ, ẹ jókòó síbẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ògúnfe sí àbùlà yín. Lójú tèmi, kò sí ẹran tó bá gbẹ̀gìrì mu tó o.

Ní ti ẹ̀lùbọ́ tó ń fà yẹn, ó jọ pé wọ́n ti da láfún mọ́ ọn. Láfún kò burú, ará Abẹ́òkúta mọ adùn rẹ̀, àmọ́ ẹ̀gẹ́ ni, kí wọ́n tà á lórúkọ ara rẹ̀. Ẹ wọ ọjà Bódìjà láàárọ̀, kí ẹ má ra èyí tí wọ́n ti lọ̀. Ẹ bèèrè gbodo, ìyẹn iṣu gbígbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ẹyọ kan: kó dún kẹ́, kí inú rẹ̀ má ní ihò kòkòrò tàbí èébu. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bí oògùn apakòkòrò, ẹ kúrò níbẹ̀ kíákíá.

Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, kí ẹ sì dúró tì í. Bí ẹni tó ṣíwájú yín bá lọ láfún tàbí àgbàdo, ẹ ní kí wọ́n gbọn ẹ̀rọ náà nù kí tiyín tó wọlé. Gbígbóná ló máa jáde. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tutù kí ẹ tó dì í, nítorí bí ẹ bá dì í ní gbígbóná, yóò làágùn nínú ọ̀rá, yóò sì bu. Ẹ fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Kóńgò kan tó fún ìgbà àkọ́kọ́. Bó bá dùn, ẹ padà sọ́dọ̀ onígbodo kan náà.

Lọ́jà yẹn kan náà, ẹ wá wàrà. Ẹ̀yin tẹ ti mọ nọ́nọ̀ ní Kàdúná, mílíìkì màlúù náà ni, àmọ́ ewé bòmubòmu ni wọ́n fi ń mú un dì. Ẹ gbé e pẹ̀lú omi rẹ̀, kí ẹ sì dín in lọ́jọ́ náà.

Fún búrẹ́dì àti nǹkan inú páálí, ilé ìtajà Foodco wà. Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1982. Bí ìrìn bá sì gbé yín lọ sọ́nà Ifẹ̀, ẹ yà ní Ìkirè, kí ẹ ra dòdò Ìkirè. Ẹ má jẹ́ kí dúdú rẹ̀ bà yín lẹ́rù: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà ni wọ́n fi ń ṣe é.