Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó fún mi nínú ìtọ́jú àgbàlagbà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni mí, a máa tó lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà, wọ́n wá ní kí kálukú kọ ohun tó yẹ kó kọ́ níbẹ̀ sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Mo jókòó tì í títí, ó kàn ń ṣe mí bíi pé mo ti mọ gbogbo ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má tẹ̀ lé bó ṣe ń ṣe ẹ́ yẹn o. Lọ́dún 2006, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA gbé àkójọ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì hàn pé àwọn dókítà tó ti ń ṣiṣẹ́ gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ lè díwọ̀n ara wọn dáadáa, pàápàá àwọn tó dá ara wọn lójú jù.

Dípò ìyẹn, aláìsàn kan ni kó o mú, kó o fi dán ara ẹ wò. Ní kó dìde lórí àga, kó rin mítà 3, kó yí padà, kó wá jókòó, kó o máa wò ó. Wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀, tún wọ̀n ọ́n tó bá dìde: tí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 3, ṣé o mọ ohun tó kàn?

Wá kó oògùn ẹ̀ sílẹ̀, ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ṣé o lè sọ ìdí tí wọ́n fi fún un ní ìkọ̀ọ̀kan, èyí tó lè gbé e ṣubú, èyí tó lè da orí ẹ̀ rú, èyí tí wọ́n kọ fún un torí wàhálà tí òmíì dá sílẹ̀? Kíríátíníìnì ẹ̀, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tá a fi ń mọ bí kídìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, lè dà bíi pé kò sí nǹkan kan kí kídìnrín sì ti rẹ̀, torí iṣan ara ẹ̀ ti dín kù. Ibi tó o bá ti ń kálòlò, kọ ọ́ sílẹ̀.

Àti pé bàbá tó kàn dákẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì láti àná, tí ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ṣé wàá fura sí dẹ̀líríọ̀mù, ìyẹn kí orí aláìsàn ṣàdédé dàrú, àbí wàá ní ó ń sinmi? Irú wọn la máa ń fojú fò jù, ó sì máa ń dùn mí gan-an.

Jẹ́ kí ọ̀gá kan wò ẹ́ bó o ṣe ń ṣe é, kó o bi àwọn nọ́ọ̀sì náà léèrè ohun tó o fò, torí wọ́n máa ń rí i. Ohun tí wọ́n bá sọ ni kó o fi kún ìwé ẹ kó o tó fi sílẹ̀.